Àpá Abẹ́ Kóòtù

Oòrùn ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré. Fáànù ọ́fíìsì ti kú láti àárọ̀. Àwọn sọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì jókòó sórí bẹ́ńṣì, wọ́n ń fi fáìlì wọn fẹ́ atẹ́gùn sára. Ẹni tó bọ́ bàtà ti bọ́ ọ, ẹni tó ṣí bọ́tìnnì mẹ́ta ti ṣí i. Àárín wọn ni ọkùnrin gíga kan dúró sí ṣanṣan. Ó wọ kóòtù dúdú tó nípọn, ó sì di gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ títí dé ọrùn. Òógùn ń ṣàn láti iwájú orí rẹ̀ wọ inú kọ́là, kò tiẹ̀ gbọ́wọ́ sókè láti nù ún.

Akọ̀wé gbójú sókè nídìí tábìlì rẹ̀, ó rí i, ó sì gbàgbé ohun tó ń kọ. Akọ̀wé la ó máa pè é, nítorí bí gbogbo ayé ṣe ń pè é nìyẹn, títí kan bàbá tó bí i lọ́mọ. Ẹgbẹ́ àwọn sọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì ló gbà á síṣẹ́, pé kó máa bá wọn kọ ìwé sí ìgbìmọ̀ ìjọba, kí ìgbìmọ̀ lè mọ ohun tí iṣẹ́ ogun fi sí wọn lára, kí wọ́n sì tọ́jú wọn. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún dáadáa, kò tíì lọ́kọ, ẹnu rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti sunkún níwájú tábìlì yẹn rí mọ̀ pé inú rẹ̀ rọ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Kóòtù," ó pè é, "ṣé òtútù ń mú yín ni?"

Gbogbo bẹ́ńṣì bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà pa ẹsẹ̀ pọ̀ gbà!

"Kò sí wàhálà, mà!"

"Mi ò béèrè wàhálà o. Òtútù ni mo béèrè."

"Kò sí òtútù, mà!"

"Ó dáa, ẹ jókòó. Bí mo ṣe ń wò yín yìí, ooru tó ń mú mi ti di méjì."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀yin ará, ẹ̀rín yẹn ló dá gbogbo ọ̀ràn yìí sílẹ̀. Ẹ̀rín ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín púpọ̀ ni, ó yọ, ó sì sá wọlé padà, Akọ̀wé sì rí i pé òun fẹ́ kó tún jáde.

Ọkùnrin yìí ń kọ pátákó fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sì wà lódìkejì títì. Ó ti ṣe sọ́jà fún ọdún mọ́kànlá. Ó na lẹ́tà kan sí Akọ̀wé, ó sì wolẹ̀ bí ẹni tó jí nǹkan.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ rọra kà á. Ẹ má kà á síta."

Akọ̀wé kà á sínú. Ìgbìmọ̀ ní àwọn gbà pé oògùn tí wọ́n fún ọkùnrin náà ní àgọ́ ológun ló mú kí ọmú rẹ̀ méjèèjì wú, àwọn sì gbà pé wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n gé ohun tó wú náà kúrò. Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà ìgbìmọ̀ tẹ àpá iṣẹ́ abẹ náà, ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kò dun òun, pé apá òun ń lọ sókè dáadáa. Nítorí náà, kò sí ìtọ́jú kankan tó tọ́ sí i.

"Ṣé lóòótọ́ ni kò dùn yín?"

"Kò sí wàhálà, mà."

Akọ̀wé wò ó lójú, ó wo kóòtù, ó wá wo òkè kọ́bọ́ọ̀dù. "Ẹ bá mi mú fáìlì pupa yẹn wá."

Ọkùnrin náà dìde. Ó ga ju kọ́bọ́ọ̀dù náà lọ, ọmọdé mọ̀ pé tó bá nawọ́ báyìí, ó tó o. Kò nawọ́. Ó wọ́ àga wá, ó gun àga, ó fún apá mọ́ra bí ẹni tí ẹyin wà lábíyá rẹ̀, ó sì mú fáìlì náà. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé e síwájú rẹ̀.

"Ẹ ga ju kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ tún gun àga."

"Àṣà ni, mà."

Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Akọ̀wé ti mọ̀ báyìí. Ó ti ń bá sọ́jà ṣe pẹ́ tó láti mọ àìsàn tó ń ṣe gbogbo wọn: wọ́n ti fi pàṣán kọ́ ẹnu wọn pé bí ọ̀gá bá béèrè bí ara ṣe rí, ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gé á ní kò sí wàhálà. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

"Ẹ gbọ́," ó sọ, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. "Ẹ ṣì lè pẹjọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i láàárín ọgọ́ta ọjọ́. Bí wọ́n bá tún kọ̀ ọ́, wọ́n á pa fáìlì náà dé pátápátá. Kí lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn gan-an?"

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ rẹ̀. "Ilé ìwòsàn àwọn sọ́jà nìkan ló ní dókítà tó lè tú àpá tó lẹ̀ mọ́ ẹran. Wọ́n ní bí wọn ò bá tètè tú u, apá ọ̀tún mi á gan síbẹ̀. Apá ọ̀tún yìí ni mo fi ń kọ pátákó."

Ó wá tún fi kún un pé, "Ṣùgbọ́n kò sí wàhálà."

*

Ọjọ́ kẹta, Akọ̀wé gbé fọ́ọ̀mù sábíyá, ó sọdá títì. Ó bá Ọ̀gbẹ́ni Kóòtù lórí ìkúnlẹ̀ níwájú pátákó ńlá kan tó fi ti ògiri. Gbogbo lẹ́tà tó wà lára pátákó náà ló dorí kodò.

"Ẹ gbà mí o! Kí lẹ̀ ń kọ yìí?"

"Tí mo bá kọ ìsàlẹ̀ tán, mo máa ń dorí pátákó kodò kí òkè rẹ̀ lè wá bá mi nísàlẹ̀. Mo wá ń kọ lẹ́tà náà ní ìdoríkodò." Ó sọ ọ́ bí ẹni pé bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Akọ̀wé tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó lè kà á. Pátákó oníṣègùn eyín ni: A Ń YỌ EYÍN LÁÌSÍ ÌRORA. Ó bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ̀yin àti oníṣègùn yìí, irọ́ kan náà lẹ̀ ń pa!"

Ọkùnrin náà kọ́kọ́ fẹ́ bínú, ẹ̀rín bá gbà á lẹ́nu. Ó rẹ́rìn-ín títí búrọ́ọ̀ṣì fi ta ọ̀dà sí i nímú, Akọ̀wé sì fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún kó tó mọ ohun tó ń ṣe. Ojú wá ń ti àwọn méjèèjì bí ọmọ ilé ìwé.

Láti ìgbà yẹn, bí ọ́fíìsì bá ti sé ní ọ̀sán Wẹ́sìdeè, ibi tí ẹsẹ̀ Akọ̀wé ń gbà ti di títì yẹn. Búrẹ́dì àti tíì ni wọ́n ń jẹ lórí àpótí ọ̀dà. Ó ń bi í ní ìbéèrè fọ́ọ̀mù, ọkùnrin náà ń fọgbọ́n yẹ ẹ́ sílẹ̀, wọ́n á bá ìtàn lọ. Akọ̀wé wá mọ̀ pé ọkùnrin náà fẹ́ràn òjò, pé kì í lè pa aláǹtakùn, pé ó máa ń bá lẹ́tà sọ̀rọ̀ tó bá ń kọ wọ́n. Lọ́jọ́ kan, ó bá pátákó kékeré kan lórí tábìlì ọ́fíìsì rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kọ ọ́ rèǹtè-rente: AKỌ̀WÉ. Wọ́n wá fi lẹ́tà tíńtín kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀, kì í buni jẹ.

Akọ̀wé gbé pátákó náà mọ́ra. Ìfẹ́ ti dé, kò kan ilẹ̀kùn.

Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ kan án. Bàbá Sájẹ́ńtì ni alága ẹgbẹ́ àwọn sọ́jà náà, irun imú rẹ̀ funfun, ẹ̀yìn rẹ̀ ò tíì tẹ̀ láti ọjọ́ tó ti wọ iṣẹ́ ogun.

"Mo gbọ́ pé o ń jẹ búrẹ́dì lódìkejì títì," ó sọ nídìí oúnjẹ àárọ̀. "Mo sì ti rí fáìlì ọkùnrin ibẹ̀. Ọkùnrin! Sọ́jà! Ọmú! Àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn kì í jókòó sórí bẹ́ńṣì kan náà."

"Bàbá, gbogbo ọkùnrin ló ní ọmú. Ẹ̀yin náà ní. Ẹ wo àyà yín."

"Èmi jagun, ta ló gbọ́ igbe mi rí? Kò sóhun tó ń ṣe mí!"

Akọ̀wé dìde, ó lọ dúró sápá òsì rẹ̀, ó sì rọra sọ̀rọ̀ sí etí tó wà níbẹ̀. Ó wá béèrè pé, "Kí ni mo sọ, Bàbá?"

"O ní kí n bù sí i."

"Mo ní mo fẹ́ràn rẹ̀."

Bàbá gbé kọ́ọ̀bù tíì rẹ̀ kalẹ̀. "Kò lè ṣẹlẹ̀ lójú mi," ó sọ, ó sì jáde.

*

Ìwé kan ṣoṣo ló kù. Ìgbìmọ̀ fẹ́ ẹlẹ́rìí tó ti fi ojú ara rẹ̀ rí àpá náà, tó wọ̀n ọ́n, tó sì mọ bó ṣe ń yọ ọkùnrin náà lẹ́nu lójoojúmọ́. Ọgọ́ta ọjọ́ ti ku mẹ́rìndínlógún.

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ ọ́," ni Ọ̀gbẹ́ni Kóòtù wí. "Màá sọ gígùn rẹ̀ fún yín."

"Mi ò lè kọ pé mo rí ohun tí mi ò rí."

"Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi. Orúkọ mi ló máa wà nísàlẹ̀ ìwé. Ẹ bọ́ kóòtù yẹn."

Ojú ọkùnrin náà yí padà. Akọ̀wé ò tíì rí ojú yẹn rí. "Ẹ̀yin náà fẹ́ wòran," ó sọ.

"Ìran? Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo ti ń bá yín jókòó sórí àpótí ọ̀dà! Ṣé ìran ni mo wá wò?"

"Ẹ máa lọ, mà. Ẹ bá mi pa fáìlì náà dé."

Inú bí Akọ̀wé, ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ. Ó délé, ó sunkún. Wẹ́sìdeè kan kọjá, kò sọdá títì. Èkejì dé, ó jókòó sí ọ́fíìsì, ó ń wo pátákó kékeré tó ní òun kì í buni jẹ, ó ń rò ó pé bóyá òun ti bù ú jẹ lóòótọ́. Ó ku ọjọ́ méjì péré.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni òjìji gíga kan yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin náà ni. Kò pa ẹsẹ̀ pọ̀.

"Obìnrin àkọ́kọ́ tí mo sọ fún," ó bẹ̀rẹ̀ láìkí i, "ẹ̀rín ló rín. Kò fi ṣe ìkà, ẹ̀rín náà kàn bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni. Àwọn ẹgbẹ́ mi lágọ̀ọ́ ti rín in kó tó kàn án, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ máa tọ́mọ ni. Ọjọ́ kejì ni mo lọ ra kóòtù yìí." Ó mí kanlẹ̀. "Tẹ́ ẹ bá rẹ́rìn-ín, Akọ̀wé, mi ò ní lè gbé e. Ohun tó kù tí mò ń bẹ̀rù nìyẹn."

Akọ̀wé ti ilẹ̀kùn. Ó mú téèpù aránṣọ jáde nínú dúrọ́ọ̀.

Bọ́tìnnì méje ni. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kóòtù bọ́, ṣẹ́ẹ̀tì bọ́, síńgílẹ́ẹ̀tì sì bọ́. Àpá òsì rí pẹ́lẹ́bẹ́. Èyí tó wà lọ́tùn-ún le, ó dúdú, ó ki, ó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ọmú, ó sì fa awọ àyà jọ títí wọ abíyá. Èèyàn rí ibi tó ti di apá náà mú.

Akọ̀wé wò ó. Ó na téèpù lé àpá náà.

"Sẹ̀ntímítà mẹ́rìnlá," ó sọ, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. "Ìbú rẹ̀, méjì. Ó lẹ̀ mọ́ ẹran."

"Ẹ ò rẹ́rìn-ín."

"Kí ló ń pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀? Inú ń bí mi ni. Inú ń bí mi pé ẹ̀yin nìkan lẹ ti ń gbé e kiri láti ọjọ́ yìí." Omi bọ́ sórí fọ́ọ̀mù, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún kúrò. Ó wá gbé ìka méjì lé àpá náà, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ojú ọkùnrin náà pọ́n.

"Ṣé ó dùn yín?"

"Kò sí…" Ó mi orí. "Ẹnu mi ni, Akọ̀wé. Mo fẹ́ sọ ọ́, ẹnu mi kọ̀."

"Ẹ máa fi kọ́ra," ó sọ. Ó gbé orí lé èjìká òsì rẹ̀, níbi tí kò ní dùn ún. Nígbà tí ọkùnrin náà máa lọ, ṣẹ́ẹ̀tì nìkan ló wọ̀. Ó fi kóòtù kọ́ apá bí ẹni tó ń gbé ẹrù ẹlòmíì.

Akọ̀wé kọ gbogbo rẹ̀: kọ́bọ́ọ̀dù, àga, pátákó tó dorí kodò. Àyè kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ lófìfo, ibi tí wọ́n ti béèrè pé kí ni ẹlẹ́rìí jẹ́ sí ẹni tó pẹjọ́. Kò mọ ohun tí yóò kọ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe fi ìwé náà ránṣẹ́ kí ọgọ́ta ọjọ́ tó pé.

*

Ohun kan wà tí Akọ̀wé ò mọ̀. Ẹgbẹ́ ti gbé pátákó ńlá fún Ọ̀gbẹ́ni Kóòtù kọ, Bàbá Sájẹ́ńtì sì yọ́ lọ wò ó láàárọ̀ kùtù, pé kó lè rí àbùkù iṣẹ́ rẹ̀. Ó dúró lẹ́bàá fèrèsé. Ó rí ọkùnrin náà tó dá nìkan wà, tó ń gbìyànjú láti gbé apá ọ̀tún sókè, tó gbé e dé èjìká, tó fi eyín ge ètè. Ó tún gbé e. Lẹ́yìn náà ló dorí pátákó kodò, ó kúnlẹ̀, ó sì ń kọ orúkọ ẹgbẹ́ ní ìdoríkodò láìṣìṣe kan. Bàbá yí padà lọ sílé. Ó ní òun ò jẹun.

Ìgbìmọ̀ pe Ọ̀gbẹ́ni Kóòtù fún àyẹ̀wò tuntun, ọjọ́ náà sì pé. Òfin ní ẹlẹ́rìí lè wọlé ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fọhùn, alága ẹgbẹ́ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti dúró ti ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Akọ̀wé ò retí bàbá rẹ̀. Àfi bó ṣe rí i lẹ́nu ọ̀nà yàrá dókítà, nínú ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ gbagidi.

"Bàbá, kí lẹ wá ṣe?"

"Alága ni mí," ó fèsì, ó sì wọlé.

Ọ̀gá sọ́jà ni dókítà náà fúnra rẹ̀ rí. Ẹ ò bá gbọ́ ohùn rẹ̀! "Dìde! Apá sókè!" Ọ̀gbẹ́ni Kóòtù fò dìde, ẹsẹ̀ pọ̀ gbà. Apá ọ̀tún rẹ̀ gòkè, ó kọjá èjìká, ojú rẹ̀ pọ́n, òógùn bò ó. Dókítà tẹ àpá náà.

"Ṣé ó dùn ọ́?"

"Kò sí wàhálà, sà!"

Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ kó tó mọ̀. Akọ̀wé rí i pé ó fẹ́ gbà á padà. Dókítà gbé bírò. Akọ̀wé fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, nítorí tó bá fọhùn, wọ́n á lé e jáde, fáìlì á sì bàjẹ́. Bírò kan ìwé.

"Sọ́jà!"

Yàrá náà mì. Bàbá Sájẹ́ńtì ti bọ́ síwájú.

"Sà!" ni Ọ̀gbẹ́ni Kóòtù dáhùn.

"Ta ló kọ́ ọ pé kí o máa sọ pé kò sí wàhálà?"

"Sájẹ́ńtì mi, sà!"

"Sájẹ́ńtì lèmi náà. Èmi náà ti fi kọ́ àwọn ọmọ tó pọ̀, Ọlọ́run á dárí jì mí." Ohùn bàbá já díẹ̀, ó gbé e ró. "Mo pa àṣẹ yẹn rẹ́ lónìí. Àṣẹ tuntun: sọ òótọ́ fún dókítà. Ó yá!"

Ọ̀gbẹ́ni Kóòtù yíjú. Ó wo Akọ̀wé. Apá rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ó ń dùn mí, sà," ó sọ. Ó tún un sọ, ohùn kékeré. "Ó ń dùn mí láàárọ̀, ó ń dùn mí tí mo bá yíra padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Kì í lọ sókè. Àga ni mo ń gùn. Ó pẹ́ tó ti ń dùn mí." Omi ojú rẹ̀ wá ń ṣàn, kò sì nù ún.

Dókítà fa ìlà sí ohun tó ti kọ tẹ́lẹ̀. Ó tún àpá náà wọ̀n, ó fi wé ìwé ẹlẹ́rìí, ó sì kọ̀wé fún ìgbà pípẹ́. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀ nígbà tó gbójú sókè.

"Ìwé yìí pé. Àyè kan ló ṣófo. Kí ni ẹlẹ́rìí jẹ́ sí ọ?"

Ọ̀gbẹ́ni Kóòtù ò tíì wọ ṣẹ́ẹ̀tì padà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe dúró, àyà gbalaja níwájú gbogbo wọn.

"Ẹni tí mo fẹ́ fi ṣaya ni, sà. Tó bá gbà."

Bàbá Sájẹ́ńtì húkọ́. "Èyí ò sí nínú àṣẹ mi o."

"Dókítà," ni Akọ̀wé wí, nítorí ó dá a lójú pé òfin ò lè dí i lẹ́nu lórí èyí, "ẹ kọ ọ́ kíákíá, kó tó ní kò sí wàhálà."

*

Lẹ́tà ìgbìmọ̀ dé. Wọ́n gbà. Ilé ìwòsàn àwọn sọ́jà tú àpá náà sílẹ̀, nọ́ọ̀sì sì ń kọ́ apá náà ní ìrìn bí ẹni kọ́ ọmọ. Bàbá Sájẹ́ńtì to ìlà bíi ti gbogbo èèyàn títí ó fi kan án, ó jókòó síwájú tábìlì ọmọ rẹ̀, ó ní, "Akọ̀wé, kọ ọ́: etí òsì. Ọdún kejìlélọ́gbọ̀n rèé."

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí ìgbéyàwó wọn ku ọ̀la, Akọ̀wé sọdá títì. Ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wà lórí ìdúró nínú ṣẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Pátákó kan wà níwájú rẹ̀, orí rẹ̀ wà lókè, ìdí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó sì ń kọ ìlà òkè pátápátá. Kóòtù dúdú wà nílẹ̀, ó ti fi bo àwọn agolo ọ̀dà kí eruku má bàa kó sí wọn.

Ó rìn lọ sẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e ní ìhà.

"Ṣé ó ń dùn yín?"

Ọkùnrin náà dúró, ó rò ó wò dáadáa.

"Díẹ̀," ó sọ.

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí ọkùnrin náà ti sọ fún un, kò sí èyí tí Akọ̀wé fẹ́ràn tó èyí.